Bíréèkì tó ń rọ̀ tó bá ti gbóná

Mọ́tò kan wọ ṣọ́ọ̀bù l'Ókè-Fìà láàárọ̀ yìí. Tó bá tutù, bíréèkì ẹ̀ dáa. Tí wọ́n bá fi sáré tí wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ léraléra, ẹsẹ̀ á rì wọlé bíi pé wọ́n tẹ tìmùtìmù. Wọ́n ti ní kí ọlọ́kọ̀ lọ ra másítà, ìyẹn ohun tó ń ti ọ́ìlì bíréèkì lọ sídìí táyà tẹ́ ẹ bá tẹ bíréèkì. Ìnákúnàá!

Bó bá rọ̀ nínú ooru, ọ́ìlì bíréèkì ló hó. Bó bá le bí òkúta tí mọ́tò ò sì dúró, páàdì, ìyẹn ohun tó ń fún irin tó ń yí pẹ̀lú táyà kó lè dúró, ló ti gbóná jù. Tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ tó ń rọra rì, tí ọ́ìlì ò jò níbì kankan, ìgbà yẹn lẹ ẹ́ tó fura sí másítà.

Ọ́ìlì bíréèkì ọkọ̀ yìí dúdú bí àdí. Ó máa ń fa omi mọ́ra látinú afẹ́fẹ́: DOT 4 (irú ọ́ìlì bíréèkì kan) tuntun kì í hó kó tó dé 230°C, àmọ́ tómi bá ti wọ̀ ọ́, ó lè hó ní 155°C. Lítà kan la fi pààrọ̀ ẹ̀, bá a ṣe tò ó ní táyà kọ̀ọ̀kan nìyí: ẹ̀yìn ọ̀tún, ẹ̀yìn òsì, iwájú ọ̀tún, iwájú òsì. Ẹ dé nọ́ọ̀tì tí ọ́ìlì ń gbà jáde nídìí táyà kí ẹni tó tẹ bíréèkì tó gbẹ́sẹ̀ kúrò, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ afẹ́fẹ́ á tún padà wọlé.