Ẹ má tíì ra àpótí sípánà yẹn

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gun kẹ̀kẹ́ lọ síbi iṣẹ́, mo mọ̀ pé ojú yín ti wọ àpótí sípánà tí wọ́n ń gbé kiri nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, èyí tí irin inú ẹ̀ ń dán gbinrin. Ẹ má rà á. Mo ti bá yín rà á. Nínú irin 46 tó wà níbẹ̀, mẹ́ta péré ló wúlò fún kẹ̀kẹ́ mi, ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì kọ́kọ́ bà á jẹ́.

Álíńkì ni, irin onígun mẹ́fà tó tẹ̀ bíi L, tí wọ́n ń kì bọ ihò orí nọ́ọ̀tì. Lára kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ tí mo rà n'Íbàdàn, álíńkì 4, 5 àti 6 (mìlímítà ni wọ́n fi ń kà á) ló ń tú ohun tó pọ̀ jù: ọwọ́, ìjókòó, bíréèkì. 5 ló ń ṣiṣẹ́ jù. Ìjókòó ni mo fẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹrẹ̀ ti gan sínú ihò nọ́ọ̀tì, n kò yọ ọ́. Mo ki álíńkì bọ̀ ọ́, mo tẹ̀ ẹ́, mo gbọ́ kẹ̀ẹ́. Igun mẹ́fẹ̀ẹ̀fà inú ihò náà ti di róbótó bí ẹnu ìkòkò. Mo wo álíńkì fúnra ẹ̀, igun tiẹ̀ náà ti ká. Irin rírọ̀ ni. Láti ìgbà náà, ìṣó ni mo kọ́kọ́ fi ń gbẹ́ ihò nọ́ọ̀tì títí irin yóò fi kan ìsàlẹ̀. Álíńkì mẹ́ta tí mo wá rà lọ́kọ̀ọ̀kan, owó wọn ju ti àpótí yẹn lódindi lọ, mi ò sì kábàámọ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ sípánà 15. Mẹkáníìkì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa ní 10, 12, 14, 17, 19, àwọn tí ọkọ̀ Japan ń lò. Nọ́ọ̀tì táyà ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ mi àti pẹ́dà ẹ̀, 15 ni. 14 ò wọ̀ ọ́, 17 ń yí lórí ẹ̀. A fi àkísà há a, ó bó orí nọ́ọ̀tì. Mo wá 15 rí, mo sì fi dojú kọ pẹ́dà òsì, mo rọ̀ mọ́ ọn títí òógùn fi bò mí. Bàbá kan tó ti ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe láti ayé Raleigh ló ń wò mí láti òdìkejì títì.

“Ọmọ mi, ṣé o fẹ́ tú u ni àbí o fẹ́ dè é pa?”

“Ẹ jọ̀ọ́ bàbá, mo fẹ́ tú u ni.”

Wọ́n ní òdì ni wọ́n gé ojú ìdè pẹ́dà òsì. Ẹ gbé sípánà dúró sókè, kí ẹ fà á sọ́nà táyà ẹ̀yìn: ọ̀tún ni o, òsì ni o, bó ṣe ń tú nìyẹn.

Ti afẹ́fẹ́ ò gùn. Ẹnu túùbù mi jẹ́ tín-ín-rín, ọ̀pá fọgánásà ò wọ̀ ọ́, torí náà mo ra pọ́ǹpù temi. Ìwọ̀n afẹ́fẹ́ wà lára táyà, ẹ kà á. Ẹ má fi ọwọ́ ṣíbí ṣí táyà. Túùbù tí mo fi lu jáde ju èyí tí ìṣó lu lọ.

Góòlì, àwọn irin róbótó kéékèèké tó ń jẹ́ kí táyà máa yí, ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Nínú táyà ẹ̀yìn tèmi, 9 ló wà lápá kọ̀ọ̀kan. Ti iwájú jẹ́ 10, wọ́n sì kéré díẹ̀ sí ti ẹ̀yìn. Sípánà pẹlẹbẹ ló ń ṣí ibẹ̀, 13 fún iwájú, 15 fún ẹ̀yìn. (Bẹ́ẹ̀ ni, 15 míì; èyí tó nípọn ò lè wọlé.) Níta lórí iyanrìn ni mo ti kọ́kọ́ tú u. Mo ṣa 7 nínú 9 apá kan táyà ẹ̀yìn. Mo wá òòfà láti ẹ̀yìn sípíkà rédíò tó ti kú, mo fi náílọ́ọ̀nù wé e, mo sì ń fi ra iyanrìn náà. Góòlì méjì jáde, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ kan àti ìdọ̀tí irin. Mo tú náílọ́ọ̀nù, gbogbo ẹ̀ já bọ́ sínú abọ́. Òòfà yẹn ṣì wà nínú àpótí mi.

Rúlà onírin náà wà níbẹ̀, òun ni mo fi ń wọn bí ṣéènì ṣe gbó tó. Ẹ fi òdo ẹ̀ sí àárín píìnì ṣéènì kan, kí ẹ ka píìnì 24 síwájú. Ṣéènì tuntun, íńṣì 12 gérégé ni. Tó bá ti fi 1/16 íńṣì kọjá, ẹ pààrọ̀ ẹ̀. Tèmi ti fi 1/8 kọjá kí n tó mọ̀, ó ti jẹ irin eléyín ẹ̀yìn. Mo fi ṣéènì tuntun sí i, ó ń fò lórí eyín bí mo bá ti ń gun òkè Mọ́kọ́lá.

Irin eléyín náà gbọ́dọ̀ kúrò, ó sì nílò ohun tí yóò dì í mú kó má yí. Mo wá a dé Agodi Gate, n kò rí. Mo gé díẹ̀ lára ṣéènì àtijọ́, mo mú irin pẹlẹbẹ kan, mo gbé e fún jórinjórin, ó jó wọn pọ̀. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ṣéènì tó jẹ irin yẹn náà ni mo fi dì í mú nígbà tí mo ń tú u.