Hablo, Habló, àti Ẹ̀yìn Màmá Àgbà

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Èbúté-Mẹ́ta

Aago mẹ́fà kọjá díẹ̀ ni mo wọ dánfó ní Oyíngbò láàárọ̀ yìí, aago mẹ́jọ sì ti lù kí n tó dé CMS. Nígbà tí ọkọ̀ dúró pa sórí afárá, mo yọ ìwé mi, èyí tí mo rà ní ẹ̀gbẹ́ títì ní Yábàá. Ẹni tó kọ́kọ́ ni ín ti fi bírò pupa kọ nǹkan sí gbogbo etí rẹ̀. Ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n kọ ọ́ fún, kó lè fi kọ́ Sípáníìṣì. Mo ń kà á jẹ́ẹ́jẹ́: hablo, hablas, habla, hablamos, habláis, hablan. Kọ̀ńdọ́ wò mí títí, ó ní, "Àǹtí, àdúrà wo lẹ ń gbà yẹn?" Mo ní kó fún mi ní ṣéńjì mi.

Fún ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ka ìwé ìrántí mi yìí, àbúrò màmá mi tó ń gbé ní Malabo ló fà á. Sípáníìṣì jẹ́ èdè ìjọba ní Equatorial Guinea, òun làwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì sì ń sọ nílé ìwé, òun náà ni wọ́n ń sọ nílé. Màmá àgbà ò gbọ́ ọ, àwọn ọmọ ò gbọ́ Yorùbá. Èmi ni wọ́n fi ṣe ògbufọ̀ lórí WhatsApp. Oṣù karùn-ún rèé.

Ìrù ọ̀rọ̀ ìṣe wọn ló ń dá mi lágara. Lọ́dọ̀ tiwa, mo sọ̀rọ̀, o sọ̀rọ̀, wọ́n sọ̀rọ̀: ẹni tó ṣe é ló ń yí, ìṣe dúró gbọin síbi tó wà. Tiwọn ò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n máa ń sọ olùwà nù, kí ìrù ọ̀rọ̀ máa jẹ́rìí ẹni tó ṣe é. Ìrù mẹ́fà fún ti òní, mẹ́fà mìíràn fún ti àná, mẹ́fà fún ti ọ̀la. Àwọn ọ̀rọ̀ tí ẹnu kì í kúrò lára wọn ló sì lágídí jù. "Ir" ni lílọ, ṣùgbọ́n "voy" ni mò ń lọ, "fui" ni mo lọ. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ há "fui" sórí tán ni mo rí i pé òun kan náà ni wọ́n ń lò fún "ser", ìyẹn jíjẹ́. Kí ló dé tí wọn ò wá òmíràn?

Ti àmì orí ọ̀rọ̀ ni kí ẹ jẹ́ kí n fi fọ́nnu díẹ̀. Oníbírò pupa kọ ọ́ sí etí ojú ewé kan pé àmì wọ̀nyí kàn ń yọ òun lẹ́nu ni. "Hablo", mò ń sọ̀rọ̀. "Habló", ó sọ̀rọ̀. Àmì kékeré kan ló pààrọ̀ ẹni tó ń sọ̀rọ̀, tó tún gbé ọ̀rọ̀ lọ sí àná. Ẹni tó mọ "o lọ" yàtọ̀ sí "ó lọ" láti kékeré, kí lèyí fẹ́ fi ṣe é?

Ohun tó mú mi kọ ti òní gan-an ni orí tó sọ̀rọ̀ nípa "gustar", ìyẹn kí nǹkan wuni. Odidi ojú ewé mẹ́sàn-án ni wọ́n fi ń bẹ Olóyìnbó pé kó gbà pé kì í ṣe òun ló ṣe nǹkan náà. "Me gusta el arroz." Mo kà á dé ìdajì kí n tó bú sẹ́rìn-ín, tí ẹni tó jókòó tì mí fi sún kúrò lọ́dọ̀ mi. Ìrẹsì wù mí! Ìrẹsì ló ń ṣe é, èmi ló ń ṣe é sí. Bẹ́ẹ̀ náà ni "me duele la cabeza", orí ń fọ́ mi. Oṣù márùn-ún ni mo ti ń yí gbogbo ọ̀rọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì kí n tó yí i sí Sípáníìṣì, bí ẹni tó fẹ́ ti Èbúté-Mẹ́ta lọ Yábàá tó gba Ìkòròdú.

Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá òmíràn. "Quiero que vengas." Ìwé náà ti fi irú ìṣe yìí dẹ́rù bà mí púpọ̀. Mo fẹ́ kí o wá. "Kí" yẹn náà ni. "Que Dios te bendiga", kí Ọlọ́run bùkún ọ. "Bá" tiwa tún ṣiṣẹ́: "cuando vengas", nígbà tí o bá wá. Inú mi ń dùn lọ títí mo fi dé "si vienes", bí o bá wá. Wọn ò yí ti ibẹ̀ padà bíi ti "vengas". "Bá" já mi kulẹ̀ níbẹ̀ yẹn, kò sì sí àlàyé tó tẹ́ mi lọ́rùn.

Lọ́sàn-án mo rìn dé Campos lọ jẹ ẹ̀wà. Orúkọ ìdílé tó ti Kúbà padà wálé ni pápá yẹn ń jẹ́. Mo ti ń kọjá níbẹ̀ tipẹ́ láìrò ó, àmọ́ lónìí ni mo rò ó pé àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sọ́hùn-ún, tí wọ́n ń pè ní Lucumí, kọ́ ìrù ọ̀rọ̀ wọ̀nyí láìsí ìwé, láìsí ẹni tó bẹ̀ wọ́n. Sípáníìṣì ò ní ṣ, ìdí nìyẹn tí Ṣàngó fi di Changó lọ́wọ́ akọ̀wé, tí Ọ̀ṣun sì di Ochún.

Ní Sátidé tó kọjá, ọmọ kékeré àǹtí mi pè. "Abuela, ¿cómo estás?" Ìyẹn ni pé, màmá àgbà, báwo lo ṣe wà? Màmá àgbà na etí. Ọmọ yìí lè lo "usted" kó fi bọ̀wọ̀ fún un, ìrù ti "tú" ló lò, bí ẹni ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń sọ Sípáníìṣì ló ń bá ìyá àgbà wọn sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ìfẹ́ ni. Ta ló fẹ́ ṣàlàyé ìyẹn fún obìnrin tó ti pé ọgọ́rin ọdún? Mo ní, "Màmá, ó ní ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ṣé àlàáfíà lẹ wà?" Ẹ má sọ fún un o.

Nígbà tí mo dé lálẹ́ yìí, ó ti ń dúró dè mí. Ẹ̀yìn ló ń dùn ún láti àná, ó sì fẹ́ fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún àwọn ọmọ náà ní Sátidé. Mo kọ ọ́ sẹ́yìn bíìlì iná bí ẹnu rẹ̀ á ṣe gbé e: mé duélé la ẹsipáldà.

"Èwo ni ẹ̀yìn níbẹ̀?"

Mo fi hàn án.

"Èmi ńkọ́?"

"Ẹ̀yin lẹ wà níwájú yìí, mé."

Ó kà á lẹ́ẹ̀mẹta, ó gbé ìwé náà jìnnà sójú. Ó ní, "Níbo lo wá kọ 'gan-an' sí?"

Mo gba bírò, mo fi "mútṣò" há àárín wọn.