Òru Tí Ọmọ Náà Ké

Aago méjì òru ti kọjá nígbà tí àtẹ̀jíṣẹ́ ìyá alágbàtọ́ náà wọlé láti Romania: "Ó ké lálẹ́ yìí! Ó ké títí mo fi gbé e!" Mo dìde jókòó lórí ibùsùn, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, omi sì bọ́ lójú èmi náà.

Ẹni tí kò mọ ibi tí ọmọ yẹn ti ń bọ̀ lè rò pé orí àwa méjèèjì ti yí. Ilé ìwòsàn ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ni ìyá rẹ̀ fi í sílẹ̀ sí, ibẹ̀ náà ló sì wà títí ó fi lé lọ́mọ ọdún kan kí wọ́n tó rí ilé tí yóò gbà á. Oṣù mẹ́rin gbáko ló lò lọ́dọ̀ obìnrin yìí láìsunkún. Ó ṣubú, kò ké. Ebi pa á, kò ké. Bó bá jí lóru, á ranjú mọ́ àjà, á máa mi ara rẹ̀ síwá sẹ́yìn. Ọmọ tó ké ké ké tí kò rí ẹni dá a lóhùn, bó pẹ́ bó yá, á panu mọ́. Ọjọ́ tó bá tún ké, ó ti gbà pé ẹnì kan ń bẹ tí yóò gbọ́ nìyẹn.

Mo ti bá irú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn pàdé rí. Ní 2001, mo bá àwọn ará ìjọ wa lọ sí Bucharest, olú ìlú Romania, wọ́n sì mú wa wọ ilé ńlá kan tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn ọmọ ọwọ́. Leagăn ni wọ́n ń pe irú ilé bẹ́ẹ̀ lédè wọn. Ibùsùn kékeré tí wọ́n ń mì kí ọmọ lè sùn gan-an ló ni orúkọ yẹn, àmọ́ n kò rí ẹni tó ń mi ọmọ kankan níbẹ̀. Ibùsùn onírin tò lọ láti ògiri dé ògiri, ọmọ wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, gbogbo yàrá sì pa lọ́lọ́. Mo sọ fún ẹni tó dúró tì mí pé àwọn ọmọ yìí mà gbọ́ràn o. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ yẹn ṣì ń dùn mí dòní. Ní yàrá kejì, ọmọbìnrin kan tó tó ọmọ ọdún mẹ́ta sáré wá, ó so mọ́ mi lọ́rùn, kò sì fẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Kò rí mi rí o! Mo ní ìfẹ́ nìyí. A ya fọ́tò, mo sì ń gbé fọ́tò náà kiri láti ìjọ dé ìjọ, mo fi ń tọrọ owó ká lè kọ́ ilé tó dára ju ìyẹn lọ fún wọn.

Ìyá alágbàtọ́ kan ló là mí lójú lẹ́yìn náà. Ó ní ọmọ tó bá ní ẹni tirẹ̀ kì í dédé so mọ́ àlejò lọ́rùn. Èyí tí kò ní ẹnì kankan ló ń so mọ́ gbogbo ẹni tó bá wọlé. Ọjọ́ kẹfà la padà sílé. Ọmọbìnrin yẹn tún pàdánù ẹlòmíràn, àwa la sì fà á.

Òfin tí Ceaușescu, olórí Romania nígbà náà, ṣe ní 1966 wà lára ohun tó bí ìṣòro yìí. Ó ka oyún ṣíṣẹ́ léèwọ̀ fún ọ̀pọ̀ jù lọ obìnrin kí iye ọmọ ìlú lè pọ̀ sí i, ìṣẹ́ sì mú kí àwọn òbí máa kó ọmọ fún ìjọba tọ́. Nígbà tí ìjọba rẹ̀ wó ní oṣù Kejìlá 1989, àwọn ọmọ tó wà nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ lé ní 100,000. Púpọ̀ wọn kì í ṣe ọmọ òrukàn. Òbí wọn wà láàyè. A kì í fẹ́ sọ èyí nínú ìjọ, torí "ọmọ òrukàn" ló ń tètè ṣí àpò.

Lásìkò tí mo ń gbé fọ́tò kiri yẹn, àwọn onímọ̀ láti Amẹ́ríkà ń ṣe ìwádìí kan ní Bucharest níbẹ̀. Wọ́n pín ọmọ 136 sọ́nà méjì bí ẹni ṣẹ́ kèké: apá kan dúró sínú ilé ìtọ́jú, wọ́n wá alágbàtọ́ fún apá kejì. Ìdílé 56 ni wọ́n rí, torí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí alágbàtọ́ ní ìlú náà nígbà yẹn. Àwọn ọmọ tó dé ilé kí wọ́n tó pé ọdún méjì ló gbádùn ara wọn padà jù. Ní 2004, Romania ṣe òfin pé kí wọ́n má fi ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì sínú irú ilé bẹ́ẹ̀ mọ́, àfi èyí tí àìlera rẹ̀ bá le gan-an. Àfi yẹn máa ń bà mí nínú jẹ́, nítorí àwọn ọmọ wọ̀nyẹn gan-an ló nílò ọwọ́ ìyá jù.

Bí mo bá ń sọ èyí, àwọn àgbà ìjọ a máa fi George Müller, oníwàásù tó kọ́ ilé ńláńlá fún àwọn ọmọ òrukàn ní England láyé àtijọ́, dá mi lóhùn. Èmi náà fẹ́ràn ìtàn rẹ̀. Ọmọ bí 10,000 ló tọ́jú ní Bristol láyé rẹ̀, nígbà tí kò sí ẹlòmíràn tó fẹ́ gbà wọ́n. Ṣùgbọ́n àwọn tó jogún iṣẹ́ náà kó ọmọ kúrò nínú àwọn ilé ńláńlá yẹn ní 1958, wọ́n kó wọn lọ sí ilé kéékèèké.

Èmi ni akápò ẹgbẹ́ wa tó ń ran àwọn alágbàtọ́ lọ́wọ́ báyìí. Ìjọba ń san owó oṣù fún alágbàtọ́ ní Romania, nítorí náà ohun tí owó oṣù yẹn kò ká là ń ṣe: owó ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń kọ́ ọmọ láti sọ̀rọ̀, ẹni tí yóò bá ìyá jókòó ti ọmọ kí òun náà lè sùn, àti fóònù. Bẹ́ẹ̀ ni, fóònù, kí àwọn alágbàtọ́ lè máa pe ara wọn lóru. A tún ń ran ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ lọ́wọ́ kó má bàa fi ọmọ sílẹ̀ rárá. N kò fọwọ́ sí owó ìbẹ̀wò ọlọ́sẹ̀ kan mọ́. Àwọn kan ní mo ń dínà ìbùkún mọ́ wọn. Mo ti bẹ̀ wọ́n, n kò sì yí ọkàn padà.

Ọdún tó kọjá, mo mú ìwé ìṣirò owó lọ fún ìyá alágbàtọ́ náà. Ọmọ náà ti ń sáré kiri ilé. Bó ṣe rí mi lẹ́nu ọ̀nà, ó fò sẹ́yìn ìyá rẹ̀, ó di yẹ̀rì rẹ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó bú sẹ́kún. Ìyá rẹ̀ ní kí n má bínú. Mo ní inú mi dùn, mo gbé bisikíìtì tí mo mú wá sórí tábìlì, mo sì lọ jókòó síta títí ẹkún náà fi rọlẹ̀.