Ìlà Ṣọ́ọ̀kì

Ọjọ́ kẹta tí ìyá ìyàwó mi ti Ìbàdàn dé bá wa ní London ni wọ́n ká mi mọ́ ẹ̀yìnkùlé, tí mo ń bó igi tútù láwọ.

“Bàbá Ìbejì, kí ni igi yìí ṣe yín?”

Mo ní kò ṣe mí ní nǹkan kan, Mà. Bonsai ni, igi inú àwo tí àwọn ará Japan fi ń dárà. Juniper lèyí. Lórí òkè lọ́hùn-ún, yìnyín a máa ṣẹ́ irú rẹ̀, àrá a máa sán an, apá kan á gbẹ, oòrùn á sì sá a títí á fi funfun bí eegun, síbẹ̀ apá kejì á ṣì máa rúwé. Ìyẹn làwa náà ń fọwọ́ gbẹ́, kí igi kékeré lè jọ arúgbó. Ẹ̀ka gbígbẹ ń jẹ́ jin, ti ara ìtí ń jẹ́ shari.

“Ẹ fẹ́ kó gbó ni?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Mà.”

“Kì í dá gbó fúnra rẹ̀?” Wọ́n wọlé lọ.

Abẹ́ èèpo tó wà láàyè ni omi ń gbà láti gbòǹgbò dé ewé. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ́kọ́ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà fífẹ̀ kan bí ìka méjì, láti ìsàlẹ̀ dókè: ẹ̀mí igi rèé o, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Mo wá fi ọ̀bẹ àti ẹ̀mú bó èèpo tó kù yíká.

Fóònù dún. Ẹ̀gbọ́n mi ni, láti ilé, lórí ọ̀rọ̀ páànù ilé bàbá wa. Ogójì ìṣẹ́jú la fi fa ọ̀rọ̀ páànù. Nígbà tí mo fi padà, orí mi ti gbóná, mo rí ìlà ṣọ́ọ̀kì. Káfíńtà ni bàbá mi. Ibi tó bá fàmì sí, ibẹ̀ ni ayùn ń gbà. Mo ní, háà, èyí nìkan ló kúkú kù! Mo tan ẹ̀rọ kékeré tó ń yí bíríbírí, mo sì gbẹ́ ẹ mọ́ tónítóní.

Ó wá ku lime sulphur, oògùn tí wọ́n fi imí ọjọ́ sè, tó ń sọ igi di funfun tí kì í jẹ́ kó tètè jẹrà. Òórùn ẹyin tó ti bàjẹ́ ló ń rùn. Nínú ilé, ìyàwó mi tú ìdí Táíwò wò, ó tú ti Kẹ́hìndé, kò rí nǹkan kan. Màmá ní tiwọn kó gbogbo ẹyin inú fíríìjì dà nù.

Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, ọ̀sẹ̀ méjì, ewé ṣì tutù. Láràárọ̀ ni mò ń pe Màmá: “Ẹ wá wò ó, Mà, ó ń dán!” Mo yà á ní fọ́tò lọ́tùn-ún lósì. Àṣé juniper lè kú tán, kó ṣì máa wọṣọ ewé tútù kiri fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ewé tábà. Mo fọwọ́ kàn án, ó gbọ̀n dà sílẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo tó rántí ohun tí ìlà yẹn wà fún.

Ọjọ́ tí Màmá ń padà sí Ìbàdàn, wọ́n gbé báàgì sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n yà sí ẹ̀yìnkùlé, wọ́n wò ó títí.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Ìbejì,” ni wọ́n wí. “Ó mà ti gbó.”