Wọ́n ní mi ò bímọ

Aago 11 alẹ́ ti kọjá, oorun ò kùn mí. Mo ti wẹ̀, mo ti jẹ ìkọ̀kọrẹ́ tí Ìyá Ìbùkún sè, mo tiẹ̀ ti dùbúlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Gbólóhùn kan ló ń lọ tó ń bọ̀ lágbárí mi.

"Ẹni tó gbé irú èyí gba ibí, kò bímọ."

Ìyá oníbọ̀ọ̀lì kan ló sọ ọ́ ní Orù, níbi tí ọ̀nà Àgọ́-Ìwòyè ti yà. Kò kọjú sí mi sọ ọ́. Ẹni tó jókòó tì í ló ń bá sọ̀rọ̀, ohùn Ìjẹ̀bú ló fi sọ ọ́, ó sì ń fa ààrò rẹ̀ sẹ́yìn kúrò létí ọ̀nà bó ṣe ń sọ ọ́. Fèrèsé mi wà ní ṣíṣí, ọkọ̀ sì dúró. Ìdí tí ọkọ̀ fi dúró, ẹ jẹ́ n fi ìyẹn sílẹ̀ ná.

Kò pariwo. Ká ní ó pariwo ni, ká ní ó bú mi bí àwọn olókadà ṣe máa ń bú àwa onítírélà, kò ní dùn mí tó báyìí. Èébú ò jẹ́ tuntun sí wa. Kí n tó dé Àwà, ìyẹn ì bá ti fò lọ. Ṣùgbọ́n ó sọ ọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni tó ń sọ pé òjò máa rọ̀.

Iṣẹ́ òní kò le jù láti ròyìn. A kúrò ní Ògèrè ní ìdájí, a gba ìyànà Ṣágámù bọ́ sí ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde, a kọjá Orù àti Àwà, a gbé katapílà dé ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta lẹ́yìn Ìjẹ̀bú-Igbó lọ́sàn-án. Ó sọ̀kalẹ̀, kò sí ohun tó ṣe é. Ọkọ̀ ṣì wà níbẹ̀, èmi wọ bọ́ọ̀sì bọ̀ wálé.

Mo bímọ. Ìbùkún ti pé ọdún méje, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bá mi bọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ mọ gbogbo ohun tí ojú wa rí kó tó dé. Kí obìnrin kan tí kò mọ̀ mí rí wá wò mí lókè ọkọ̀ kó ní mi ò bímọ. Inú bí mi títí mo fi dé Ìjẹ̀bú-Igbó. Mo ń dá a lóhùn lọ́kàn mi: ìyá, ẹ ò mọ̀ pé torí ọmọ náà ni mo ṣe ń gbé e? Ẹ ò mọ iye tí wọ́n ń gbà nílé-ìwé báyìí?

Mo rò pé ohun tí àwọn èèyàn ò mọ̀ ni pé ẹ̀rù ń ba àwa náà. Kọntéínà tí ẹ ń rí lórí tírélà, ẹsẹ̀ bàtà 8 péré ló fẹ̀. Katapílà tòní lé ní tọ́ọ̀nù 30, ẹsẹ̀ irin rẹ̀ méjèèjì fẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà 10 lọ, ó yọ síta lára lóbẹ́ẹ̀dì, tírélà pẹrẹsẹ tí a fi ń gbé e, lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Lórí ọ̀nà Ṣágámù sí Ọrẹ, tí ọ̀nà pín sí méjì, kò burú. Ibi tó ti ń di wàhálà ni bí a bá ti wọ ìgboro, tí òjò ti jẹ etí ọ̀dà, tí gọ́tà wà lápá kan, tí àtẹ ọlọ́jà wà lápá kejì, tí bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ Yunifásítì sì ń bọ̀ níwájú tí kò fẹ́ dúró. Mi ò lè yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ fún un. Etí ọ̀nà rọ̀, tí táyà bá bọ́ síbẹ̀ tòun ti irú ẹrù yẹn, ó lè yẹ̀ lábẹ́ wa. Òun ló yẹ kó dúró. Àmọ́ ta ló máa sọ fún un?

Ìdí ọkọ̀ kì í tẹ̀ lé orí. Ohun tí mo kọ́kọ́ kọ́ nídìí iṣẹ́ yìí nìyẹn. Tí orí bá ti yí kọ́ọ̀nà, ìdí á gé e kúrú, á fẹ́ gba inú. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí wa tí a kọ́kọ́ ń lọ sí òsì nígbà tó jẹ́ pé ọ̀tún la fẹ́ yà. Kì í ṣe ìwà ìyájú.

Bàbá mi gbé gẹdú lójú ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Igbó yìí kan náà, nígbà tí wọn ò tíì ṣí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, èyí tí wọ́n ṣí ní 1978. Gẹdú náà kì í ṣe ẹrù kékeré. Wọ́n máa ń sọ pé tí àwọn bá ti wọ ìlú, ọmọ ọkọ̀ á bọ́ sílẹ̀ á máa fẹsẹ̀ rìn níwájú. Mi ò rántí pé ẹnikẹ́ni sọ fún bàbá mi rí pé wọn ò bímọ. Tàbí kó jẹ́ pé wọ́n sọ ọ́, tí bàbá mi ò kàn sọ fún wa.

Òru àná, òjò rọ̀, nítorí náà mo ti ń ronú wáyà iná kí ilẹ̀ tó mọ́. Wàsíù, ọmọ ọkọ̀ mi, ló máa ń gùn orí ẹrù láti fi ọ̀pá oparun ti wáyà ilé sókè kí apá katapílà má bàa fà á já. Wáyà ńlá ti orí òpó gíga, a kì í sún mọ́ ọn, a máa ń dúró ni. Oparun tútù kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé nídìí iná, nítorí náà ẹ̀yìn ìjókòó mi ni ọ̀pá yẹn sùn mọ́jú, mo fi àpò ìrẹsì wé e. Lówùúrọ̀ mo fi ọwọ́ pa á láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí ẹni ń pa ara ọmọ tuntun, mo ń wá ibi tó tutù. Mo tún fẹnu kàn án. Ẹni tí kò bímọ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀? Wàsíù náà lọ́mọ, ìyẹn tí a lọ jẹ ìkómọ rẹ̀ nínú oṣù tó kọjá.

Ṣéènì tí a fi de ẹrù náà ńkọ́? Lẹ́yìn ìyànà Ṣágámù mo dúró, mo tún gbogbo rẹ̀ fún, torí bí ọkọ̀ bá ti rìn díẹ̀ ẹrù á jókòó, ṣéènì tó le ní ìdájí á ti dẹ̀. Pákó tí a tẹ́ sábẹ́ rẹ̀, mo yẹ̀ ẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Irin lórí irin ń yọ̀. Gbogbo ohun tó yẹ kí n ṣe ni mo ṣe.

Ó dáa. Ẹ jẹ́ n sọ ìdí tí ọkọ̀ fi dúró ní Orù.

Mo ń yí kọ́ọ̀nà, díẹ̀díẹ̀, mo ń wo dígí ọ̀tún. Wàsíù wà nílẹ̀ lẹ́yìn. Àdéhùn wa ni pé tó bá gbá ara ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí n máa bọ̀. Tó bá gbá a léraléra, kí n dúró lójú ẹsẹ̀. Mo gbọ́ gbà, gbà, gbà, gbà. Mo tẹ búréèkì. Ẹsẹ̀ irin katapílà tó yọ síta ti bo táyà ẹ̀yìn mọ́ mi lójú nínú dígí, mi ò rí nǹkan kan. Mo yọ orí síta, mi ò rí nǹkan kan síbẹ̀. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni Wàsíù fa ọmọkùnrin kan jáde láàárín táyà àti gọ́tà. Ṣòkòtò ilé-ìwé aláwọ̀ búlúù. Bàtà rẹ̀ ló bọ́, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti mú un. Bàtà ọ̀hún wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò tiẹ̀ sunkún.

Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ ohun tí ìyá oníbọ̀ọ̀lì sọ.

Mi ò tíì sọ fún Ìyá Ìbùkún. Tó bá ka èyí, ó ti gbọ́ nìyẹn.

Ó dà bíi pé ìbínú tí mo ń bí kiri láti ọ̀sán, ẹ̀rù ni. Obìnrin náà rí ohun tí èmi ò rí. Ibi tó jókòó sí, ó rí ọmọ yẹn, ó sì rí táyà. Kí ni kó sọ? Kó kí mi kú iṣẹ́? Síbẹ̀, mo tún ń rò ó pé bóyá èmi kọ́ ló ń bá wí. "Ẹni tó gbé irú èyí gba ibí." Ṣé ẹni tó di ọwọ́ ìtọ́kọ̀ mú ni, àbí ẹlẹ́rù tó sọ pé owó ọkọ̀ kékeré tó yẹ kó ṣáájú wa àtèyí tó yẹ kó tẹ̀ lé wa kò sí nínú àdéhùn? Mo bá a sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ní ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Igbó kò jìnnà. Mo sì gbà. Èmi ni mo gbà. Ẹnikẹ́ni ò ti ìbọn sí mi lọ́rùn.

Mo ti pinnu nínú bọ́ọ̀sì pé mi ò gbé irú rẹ̀ mọ́. Nígbà tí mo fi máa dé Ìjẹ̀bú-Òde, mo ti ń ṣírò owó.

Ọ̀la la máa gbé katapílà wọn àtijọ́ tó ti bàjẹ́ padà bọ̀ sí Ṣágámù. Ọ̀nà kan náà. Mo ti pe ẹlẹ́rù lálẹ́ yìí, mo ní láìsí ọkọ̀ tó máa ṣáájú, kí ó wá ẹlòmíràn. Ó ní òun á pè mí padà, kò tíì pè. Mo sì ti bẹ Bọ̀dá Lékè pé kí wọ́n fi ọkọ̀ tiwọn ràn mí lọ́wọ́, bó bá tiẹ̀ jẹ́ láti Àwà dé Orù nìkan, kí Wàsíù lè gbájú mọ́ ẹ̀yìn. Wọ́n ní tí epo bá wà.

Bàtà Ìbùkún wà lẹ́nu ọ̀nà níbi tó bọ́ ọ sí, ọ̀kan dojú délẹ̀. Mo ti dìde lọ tò ó.

Tí a bá dé Orù lọ́la, màá fi ọkọ̀ sílẹ̀ kí n tó débi kọ́ọ̀nà yẹn, màá kọ́kọ́ fẹsẹ̀ rìn dé ọ̀dọ̀ ìyá oníbọ̀ọ̀lì, màá sọ fún wọn pé a fẹ́ kọjá, kí wọ́n bá mi wo àwọn ọmọdé. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n máa dá mi mọ̀.