Ṣé màgòmágó wà nínú owó yẹn lóòótọ́?

Àwọn ọmọ tó máa ń gbá bọ́ọ̀lù ládùúgbò wa ní Agbowó fẹ́ẹ̀ jà nítorí náírà kan. Náírà onírin yẹn o, èyí tí CBN gbé jáde ní 2007 tí ìyá ọlọ́jà kankan ní Bódìjà ò ní gbà lọ́wọ́ ẹ, òun ni kápténì wọn máa ń jù sókè kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, àwọn tó kù wá ní ó ti ṣe nǹkan sí i, pé orí ló ń jáde ṣáá. Wọ́n bá jù ú lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, orí jáde lẹ́ẹ̀meje, ariwo sọ gèè.

Ẹ jọ̀ọ́, méje nínú mẹ́wàá ò tó ohun tá a fi ń pe èèyàn lólè. Báwọn oní-statistics, ìyẹn àwọn tó ń fi nọ́ńbà wádìí ọ̀rọ̀, ṣe ń ṣe é ni pé wọ́n á kọ́kọ́ gbà pé owó náà ò ní wàhálà kankan, ìyẹn ni null hypothesis, wọ́n á wá bèèrè pé tó bá rí bẹ́ẹ̀, ṣé irú èsì yìí lè ṣàdédé wáyé? Kó 100 owó tó dáa jọ, ju ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, bíi 34 nínú wọn ló máa fún ẹ ní méje sí mẹ́ta tàbí kó fì jù bẹ́ẹ̀ lọ, yálà sápá orí ni o tàbí ìrù. Mẹ́jọ ńkọ́? Bíi 11. Àfi tó bá di mẹ́sàn-án kó tó já sí 2, tó wá wọ abẹ́ 5 nínú 100, ìlà tí Ronald Fisher, onímọ̀ statistics, tẹnu mọ́ ní 1925, pé ìsàlẹ̀ ibẹ̀ la ti lè fura sí owó náà (èèyàn ló kàn fa ìlà yẹn o, kò bọ́ látọ̀run).

Ibi tó dùn mí jù rèé: ká tiẹ̀ ní owó náà burú, tó jẹ́ pé orí ló máa ń jáde nígbà 60 nínú 100, tẹ́ ẹ bá jù ú lẹ́ẹ̀mẹ́wàá péré, nǹkan bí ìgbà 5 nínú 100 lẹ máa rí i mú. Tẹ́ ẹ bá tiẹ̀ jù ú nígbà 100, ìgbà tẹ́ ẹ máa rí i mú ò tíì tó ìdajì. John Kerrich, onímọ̀ ìṣirò tí wọ́n tì mọ́lé ní Denmark nígbà Ogun Àgbáyé Kejì ju tiẹ̀ nígbà 10,000, orí jẹ́ 5,067, ìyẹn ò sì kọjá ohun tí owó tó dáa lè ṣe.

Torí náà ẹ jù ú nígbà 100 géérégé, kẹ́ ẹ sì fẹnu kò kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀: tí orí bá tó 61 tàbí tí ò ju 39 lọ, owó náà jẹ̀bi. Tó bá bọ́ sáàárín, a ò rí i mú nìyẹn, a ò sọ pé ó mọ́. Kẹ́nikẹ́ni má sì dá jíjù náà dúró lójijì nígbà tẹ́ ẹ bá jù ú dé ìgbà 37 torí pé èsì ti dùn mọ́ ọn nínú, jàre.