Gaàrí Wú Sínú Báàgì Mi Lọ́nà Kábà

Ọkùnrin tó ta báàgì ẹ̀yìn yẹn fún mi n'Íbàdàn búra. Ó ní bí mo bá jù ú sódò, aṣọ inú rẹ̀ á ṣì gbẹ. Mo san 18,000 náírà. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fẹ́ fi ẹsẹ̀ rìn káàkiri orí àpáta ìlú Ògìdì, nítòsí Kábà ní ìpínlẹ̀ Kogí, nínú oṣù kẹsàn-án tí òjò ń rọ̀ bí ẹni ń gbẹ̀san.

Mo wá di ẹrù: jíǹsì méjì, bàtà kánfáàsì, tówẹ́ẹ̀lì tó nípọn, àti kóńgò gaàrí méjì nínú ọ̀rá tí mo kàn ta ní kókó. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wò mí títí. "Àbúrò, ṣé o ń kó lọ ni?" Mi ò dá a lóhùn.

Ìlọrin, Òmù-Àrán, Ẹ̀gbẹ́, Ìsánlú: mo sùn já gbogbo rẹ̀. A kò tíì dé Mòpà nígbà tí táyà fọ́, tí òjò sì bẹ̀rẹ̀. Ibo ni ẹ́sítírà wà? Abẹ́ ẹrù wa pátápátá! Dírẹ́bà kó gbogbo báàgì sílẹ̀ sínú ẹrẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń kọrin. Nígbà tó fa ẹ́sítírà ọ̀hún jáde, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kò tó nǹkan. A dúró bíi wákàtí kan kó tó rí ẹni tó bá a fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i. Owó ọkọ̀ wa kò dín kọ́bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ tó wọkọ̀ lásìkò òjò, ẹ béèrè ibi tí ẹ́sítírà wà. Bí dírẹ́bà bá bínú, ẹ wá ọkọ̀ mìíràn.

"Okun o, ọmọ mi," ni ìyá ọ̀rẹ́ mi fi kí mi l'Ógìdì; bí wọ́n ṣe ń kíni níbẹ̀ nìyẹn. Mo tú báàgì. Omi ti gba ojú síìpù wọlé, gaàrí ti wú, ó ti já ọ̀rá, ó lẹ̀ mọ́ jíǹsì méjèèjì. Èbà tútù ni mo gbé wọlé onílé. Màmá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. "Gaàrí lo kó wá sílùú oníyán?"

Iyán iṣu tuntun ni wọ́n gbé fún mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn, pẹ̀lú ẹ̀gúsí àti ẹran ìgbẹ́. Mo dárí ji dírẹ́bà níbi òkèlè kẹta. Ọlọ́jà báàgì nìkan ló kù.

Màmá sá aṣọ mi sókè ààrò. Ṣòkòtò àǹkárá kan ṣoṣo tí mo mú gbẹ mọ́jú. Jíǹsì lo ọjọ́ mẹ́ta, ó sì ń rùn bí ẹja yíyan. Kánfáàsì ń yọ̀ lórí àpáta bí ọṣẹ. Bàtà rọ́bà tí wọ́n fi ń lọ oko ni mo yá gùn ún. Fóònù àti owó mi nìkan ni omi ò kàn, nítorí pé mo wé wọn sínú ọ̀rá tí wọ́n fi ń di omi inú ọ̀rá pọ̀, èyí tí alákàrà àdúgbò wa fún mi lọ́fẹ̀ẹ́. Méjì ni kẹ́ ẹ lò, ọ̀kan nínú ọ̀kan.

Mo padà sọ́dọ̀ ọlọ́jà. Ó gbọ́ ẹjọ́ mi tán, ó gbọn orí.

"Odò ni mo sọ, bọ̀ọ̀dá. Mi ò dárúkọ òjò."